Sóyà ti gbówó lórí: ṣé a lè dín in kù nínú oúnjẹ bíróílà, ká fi lysine àti methionine dí àyè rẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Gánmọ
Ẹ̀yin ará mi, àsàlámù àlékùm, ẹ kú iṣẹ́ o. Bíróílà ni mò ń sìn. Mi ò ra oúnjẹ àpò mọ́, àgbàdo àti sóyà ni mò ń gbé lọ sílé ìlọ kí wọ́n bá mi pò ó. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń pe sóyà báyìí ti kọjá agbára mi. Ẹni tó ń ta èròjà fún mi ní kí n yọ lára sóyà, kí n fi àgbàdo rọ́pò rẹ̀, kí n wá ra lysine, methionine àti nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní threonine sí i. Ó ní adìyẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo yọ nǹkan kan.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé 20% purotéènì ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ fún fíníṣà (oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ gbẹ̀yìn kí a tó tà wọ́n) níbi gbogbo. Tí mo bá yọ sóyà, á já wálẹ̀ sí bíi 18%. Ṣé adìyẹ ò ní rù mọ́ mi lọ́wọ́? Àbí ọjà lásán ni ọkùnrin yìí fẹ́ tà fún mi? Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ iye gíráàmù tó máa wọ 100 kílò, torí “ṣáà bù díẹ̀ sí i” ni gbogbo èèyàn ń sọ fún mi.

Ìyá Aládìyẹ, Ọ̀fà
Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Èmi ò mọ̀ nípa threonine, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan kí ẹlòmíì tó gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹ má torí pé sóyà wọ́n kí ẹ gbé kúlíkúlí sí gbogbo àyè rẹ̀. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, á pé, torí purotéènì inú kúlíkúlí tí wọ́n fún òróró rẹ̀ dáadáa kò jìnnà sí ti sóyà. Ẹ wá lọ wo agbo tó ń jẹ ẹ́. Inú agbo kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa ẹyin wọn, ẹ ó rí èyí tó ti tó àkùkọ, ẹ ó rí èyí tó dà bí ẹyẹlé. Ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn kì í délẹ̀ bọ̀rọ̀. Tí ẹ bá gbé e, tí ẹ fi ìka tẹ àyà rẹ̀, egungun ni ẹ máa kàn. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹun o, abọ́ ń gbẹ. Àwọn oníbàárà ní Òwódé kì í dá irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ lóhùn, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ àyà kí wọ́n tó béèrè iye.

Olùkọ́ Oko, Òmù-Àrán
Ìyá wa, ẹ ti sọ ìdajì ìdáhùn náà. Kí n ṣàlàyé ohun tó fà á, torí òun náà ló máa dá Bàbá Ìbejì lóhùn.

Purotéènì inú oúnjẹ kì í wọ ara adìyẹ bó ṣe wà. Ikùn á kọ́kọ́ já a sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ náà là ń pè ní amino acid. Ogún oríṣi ni wọ́n. Adìyẹ lè fúnra rẹ̀ ṣe àwọn kan, àwọn kan wà tí kò lè ṣe láé, àfi kó bá a nínú ohun tó ń jẹ. Lysine, methionine, threonine, valine, arginine, isoleucine àti tryptophan wà lára wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń kọ́ ẹran ara, ìwọ̀n tí wọ́n sì fi ń wọ inú rẹ̀ kì í yí padà. Tí ọ̀kan bá tán, iṣẹ́ dúró nìyẹn, bó ti wù kí àwọn yòókù pọ̀ tó. Ẹ wo àwọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìlọrin: tí òwú pupa tó wà nílẹ̀ bá tó aṣọ mẹ́wàá, tí funfun tó mẹ́fà péré, tí aṣọ náà ò sì lè ṣe é láìní méjèèjì, mẹ́fà ni wọ́n máa hun jáde. Ṣùgbọ́n ahunṣọ lè tọ́jú òwú pupa tó ṣẹ́kù. Adìyẹ kò níbi tó máa tọ́jú amino acid sí. Á yọ nitrogen inú rẹ̀, á yà á dànù, á sì jó ìyókù. Nǹkan funfun tó máa ń wà lórí ìgbẹ́ adìyẹ yẹn, apá kan nínú rẹ̀ sóyà tí ẹ fowó rà ni.

Nínú oúnjẹ tó jẹ́ àgbàdo àti sóyà, methionine ló kọ́kọ́ ń tán. Lysine ló tẹ̀lé e, threonine ni ìkẹta. Ẹni tí kò bá ra wọn lọ́tọ̀ á ní láti kó sóyà púpọ̀ sínú oúnjẹ kí àwọn mẹ́ta yẹn tó lè tó, àwọn yòókù á wá pọ̀ ju ohun tí adìyẹ ń fẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni 20% yẹn ti wá. Tí ẹ bá ra àwọn mẹ́ta náà lọ́tọ̀, 18% lè ṣe iṣẹ́ 20%. Ọkùnrin tó ń tajà fún yín kò parọ́.

Ọ̀rọ̀ kúlíkúlí Ìyá wa nìyí: 100 kílò sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ní lysine tó tó kílò 2.8. 100 kílò kúlíkúlí kò ní ju bíi kílò kan àbọ̀ lọ. Purotéènì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, lysine wọn ò dọ́gba rárá. Láàbù tó bá sì yẹ oúnjẹ yín wò, nitrogen ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n á fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tó bá jáde ni wọ́n ń kọ pé ó jẹ́ purotéènì. Ìwọ̀n yẹn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín lysine àti ohun mìíràn tó ní nitrogen. Ìdí rèé tí àwọn aláìṣòótọ́ fi máa ń da yúríà, ajílẹ̀ inú oko, mọ́ ẹja lílọ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ á sì gòkè.

Bàbá Ìbejì, Gánmọ
Olùkọ́, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Ó yé mi. Ó wá ku gíráàmù.

Olùkọ́ Oko, Òmù-Àrán
Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Ká ní ẹ yọ kílò 5 sóyà kúrò nínú 100 kílò fíníṣà, ẹ fi kílò 5 àgbàdo sí àyè rẹ̀. Sóyà 45% purotéènì ni mo fi ń ṣírò, àgbàdo 8.5%. Purotéènì máa fi nǹkan bí 1.8 wálẹ̀, láti 20% sí 18.2%.

Ẹ wá wo ohun tó bá sóyà lọ. Kílò 5 sóyà ní lysine 140 gíráàmù, kílò 5 àgbàdo ní bíi 12 péré. Ẹ pàdánù bíi 128. Lysine tí wọ́n ń tà nínú àpò (L-lysine HCl ni wọ́n ń kọ sí i) kì í ṣe lysine pátápátá, 78% ni. Torí náà 128 ẹ pín in sí 0.78, á jẹ́ bíi 165 gíráàmù.

Methionine àti ìbejì rẹ̀ cystine ni wọ́n máa ń ṣírò pọ̀: ẹ pàdánù bíi 47 gíráàmù, DL-methionine sì mọ́ tó 99%, ẹ fi 50 gíráàmù sí i.

Threonine: ẹ pàdánù bíi 74, ẹ fi 75 gíráàmù sí i.

Àròpọ̀ rẹ̀ ò pé 300 gíráàmù. Àfikún ni gbogbo èyí jẹ́ o, orí èyí tó ti wà nínú ìpò (àpòpọ̀ oúnjẹ) yín tẹ́lẹ̀ ni ẹ máa gbé e lé. Methionine ní tirẹ̀, kódà tí ẹ ò bá yọ sóyà kankan, àgbàdo àti sóyà nìkan kò lè fún bíróílà ní èyí tó tó. Tí mo bá rí ìpò bíróílà tí kò ní methionine lọ́tọ̀, mo mọ̀ pé owó ń ṣòfò níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa pa owó mọ́ fún yín, ẹ gba iye kílò 5 sóyà, ẹ yọ iye kílò 5 àgbàdo kúrò. Ẹ wá ṣírò iye 165, 50 àti 75 gíráàmù yẹn. Tí ti àkọ́kọ́ bá ju ti èkejì lọ, ẹ ṣe é. Tí kò bá jù ú, ẹ fi sóyà yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Iye ọjà ń yí padà, ẹ máa tún ìṣirò náà ṣe nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ rajà.

Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀, Ìgbájà
Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ò gbé e wá sí 15% ká kúkú sinmi lórí ọ̀rọ̀ sóyà? Tí lysine bá lè ṣe iṣẹ́ kílò 5, á lè ṣe ti kílò 12.

Olùkọ́ Oko, Òmù-Àrán
Àbúrò, ìbéèrè tó dáa ni. Tí ẹ bá ti dí ihò mẹ́ta yẹn, ẹ̀kẹrin máa ṣí. Valine ló sábà máa ń jẹ́, isoleucine àti arginine sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá tún lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, glycine tí adìyẹ lè fúnra rẹ̀ ṣe gan-an ò ní tó mọ́, torí òun ni adìyẹ ń lò láti fi ṣe uric acid, nǹkan funfun orí ìgbẹ́ yẹn, tó ń yà dànù. Wọ́n ń ta valine, ṣùgbọ́n wíwá rẹ̀ kì í rọrùn lọ́dọ̀ wa bíi ti lysine, owó rẹ̀ sì ga. Bí mo ṣe rí i, ẹni tó ní lysine, methionine àti threonine nìkan lọ́wọ́, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún purotéènì (bíi láti 20% sí 18%) ni kó yọ, kó dúró síbẹ̀.

Ìwọ̀n tí a fi ń wo ara wọn nìyí, kí ẹ kọ ọ́ síbì kan. Ẹ pe lysine ní 100. Methionine pẹ̀lú cystine á wà ní bíi 75, threonine ní bíi 66, valine ní bíi 76, isoleucine ní bíi 68, arginine ní bíi 106, tryptophan ní bíi 16. Ẹni tó bá gbé lysine sókè láìwo arginine á tún ṣe adìyẹ rẹ̀ níbi, torí lysine tó pọ̀ jù máa ń mú kí adìyẹ nílò arginine sí i. Methionine tó pọ̀ jù burú ju gbogbo wọn lọ, oúnjẹ kì í wù wọ́n jẹ mọ́.

Dókítà Ẹran, Ìlọrin
Mo fara mọ́ Olùkọ́ lórí ìdá méjì. Àwọn tí mo rí tí wọ́n wálẹ̀ jù ú lọ, ìgbà tí mo bá la adìyẹ wọn ni mo máa ń rí i: ọ̀rá pupa rẹ́súrẹ́sú tó bo ikùn, tó wé mọ́ iwe. Agbára inú oúnjẹ ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n fi lè kọ́ ẹran lọ, ara wá sọ ọ́ di ọ̀rá. Lórí òṣùwọ̀n adìyẹ á wúwo, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á á da ọ̀rá yẹn nù.

Èrè ibẹ̀ tí ẹ ò tíì mẹ́nu bà ni ilé adìyẹ fúnra rẹ̀. Nitrogen tí adìyẹ ń yà dànù ni bakitéríà inú iyẹ̀ pákó ń sọ di amóníà, òórùn tó máa ń ta ojú àti imú láàárọ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ká tapólì sókè. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún (1%) purotéènì tí ẹ bá yọ, nitrogen inú ìgbẹ́ máa ń fi nǹkan bí 8% sí 10% dín kù. Adìyẹ á tún mu omi níwọ̀nba, torí omi púpọ̀ ni kíndìnrín ń lò láti lé uric acid jáde. Ìgbẹ́ á gbẹ, iyẹ̀ pákó á pẹ́ kó tó rin. Ẹ gbé ẹsẹ̀ adìyẹ sókè, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀: ibi dúdú tó ti ń dá egbò yẹn, iyẹ̀ pákó tó rin àti amóníà ló fà á. Àwọn tó ń sìn láàárín ilé ní Tánkẹ tàbí Gáà Àkànbí mọ ohun tí mò ń sọ, torí àwọn aládùúgbò wọn ò ní dákẹ́.

Nínú ooru oṣù kejì sí oṣù kẹrin wa yìí, ẹ fiyè sí i. Jíjó purotéènì tó ṣẹ́kù máa ń fi ooru kún ooru ara adìyẹ, ìyẹn jẹ́ ìdí kan láti dín in kù. Ṣùgbọ́n nínú ooru náà ni oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ máa ń wálẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ díẹ̀, tí lysine inú díẹ̀ yẹn náà tún kéré, ìdàgbàsókè á dúró. Nígbà ooru, ẹ yọ sóyà tó pọ̀ jù, ẹ má yọ lysine àti methionine. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun ní ìdájí àti lálẹ́.

Nǹkan kan tí èèyàn máa ń gbàgbé: sóyà ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú potassium wọ inú oúnjẹ, àgbàdo ò ní tó o. L-lysine HCl náà sì ń gbé chloride wọlé. Tí ẹ bá ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, iyọ̀ ara adìyẹ á yẹ̀ sí apá kan. Ẹ dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù sí 250 gíráàmù nínú 100 kílò, ẹ fi 200 gíráàmù sódà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, sodium bicarbonate, sí i. Káńún kọ́ o. Tí kọ́ńsẹ́ntréètì (àpòpọ̀ purotéènì, fítámìnì àti míńírà tí wọ́n ń tà nínú àpò) bá wà nínú ìpò yín, ẹ ka ara àpò rẹ̀ kọ́kọ́, torí iyọ̀ ti lè wà nínú rẹ̀, lysine àti methionine náà sì ti lè wà níbẹ̀. Tí ẹ ò bá kà á, ẹ máa kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Alhaja, Sàbó-Òkè
Ẹ kú làákàyè o. Èmi ń ta adìyẹ pípa, àwọn oníbàárà mi máa ń béèrè ohun tí adìyẹ jẹ. Tí mo bá ní wọ́n jẹ lysine, ṣé kì í ṣe oògùn tó ń mú adìyẹ wú ni wọ́n máa rò pé ó jẹ́? Àwọn kan tiẹ̀ bi mí bóyá ẹran tí kò tọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìkejì, àwọn tó ń ta oògùn ẹran ń ta amino acid olómi tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu. Ṣé ìyẹn ò tó ni?

Dókítà Ẹran, Ìlọrin
Alhaja, hómónù kọ́ o, oògùn náà kọ́. Lysine tó wà nínú sóyà àti ẹ̀wà tí àwa náà ń jẹ ni lysine inú àpò. Bakitéríà kan, Corynebacterium glutamicum, ni wọ́n ń fi ìṣùgá àgbàdo tàbí ti ìrèké bọ́, òun ló ń ṣe lysine jáde, wọ́n á wá sẹ́ ẹ, wọ́n á gbẹ ẹ́. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ọ̀nà yẹn láàárín ọdún 1950 sí 1960. Threonine náà, bakitéríà ni wọ́n fi ń ṣe é. DL-methionine ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ni wọ́n ti ń ṣe é, ara adìyẹ sì mọ bó ṣe máa yí ìdajì tó jẹ́ D padà sí L tó lè lò. Kò sí ẹran nínú ọ̀nà tí mo sọ yìí.

Ti olómi: ẹ gbé ìgò rẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Mílígíráàmù ni wọ́n máa ń kọ síwájú lysine níbẹ̀. Bíróílà tó ti wọ ọ̀sẹ̀ karùn-ún ń jẹ oúnjẹ bíi 150 gíráàmù lójúmọ́, lysine tó ń fẹ́ nínú rẹ̀ tó gíráàmù kan àbọ̀. Ọgọ́rùn-ún adìyẹ ń fẹ́ 150 gíráàmù lójoojúmọ́. Ẹ ṣírò iye ìgò tó máa gbé e. Mo máa ń fún wọn ní olómi tí wọ́n bá ti ìrìn àjò dé tàbí lẹ́yìn àjẹsára, fítámìnì inú rẹ̀ ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn.

Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀, Ìgbájà
Níbi tí a ti ń ṣe gààrí, èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Tí mo bá fi èèpo gbígbẹ rọ́pò àgbàdo díẹ̀, tí mo wá fi lysine àti methionine yìí sí i, ṣé ó lè bá ara wọn mu?

Olùkọ́ Oko, Òmù-Àrán
Ó lè bá ara wọn mu, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀. Purotéènì èèpo ẹ̀gẹ́ kéré sí ti àgbàdo, nítorí náà ohun tí ẹ yọ lára sóyà, ẹ ò rí nǹkan gidi gbé padà lára èèpo. Ohun mìíràn ni pé ẹ̀gẹ́ ní sáyánáìdì. Gbígbẹ á dín in kù, èyí tó bá ṣẹ́kù, ara adìyẹ á fi sulphur pa oró rẹ̀. Ọ̀dọ̀ methionine àti cystine ni sulphur yẹn ti ń wá. Ẹni tó bá ń bọ́ adìyẹ ní ẹ̀gẹ́ tí kò fi methionine kún un ń jí i lára adìyẹ. Ẹ lọ èèpo náà bí wọ́n ṣe ń lọ ẹ̀gẹ́ gààrí, ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa, ẹ sẹ́ ẹ kí fáíbà tó le lè dúró sókè, ẹ wá sá a. Àwọn onímọ̀ ILRI (àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn) ní Ìbàdàn ló jẹ́ kí ọ̀nà yìí gbilẹ̀, ó yá ju kí ẹ sá èèpo odidi sójú títì lọ. Fíníṣà nìkan ni kí ẹ ti lò ó, ẹ má fi sínú sítátà (oúnjẹ ọmọ adìyẹ).

Èyí rán mi létí: ẹ má bẹ̀rẹ̀ yíyọ sóyà láti ọ̀dọ̀ ọmọ adìyẹ. Lysine tó wúlò tí wọ́n ń fẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó 1.28%, nígbà tó bá di fíníṣà á ti wálẹ̀ sí bíi 1.02%. Àṣìṣe díẹ̀ níbẹ̀, kò ṣeé san padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ayé wọn, ibẹ̀ ni owó tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ wà.

Ìyá Aládìyẹ, Ọ̀fà
Olùkọ́, ẹ ṣé gan-an ni. Ti kúlíkúlí tí mo ṣì ní nílẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n kó o dànù ni?

Olùkọ́ Oko, Òmù-Àrán
Rárá o, Ìyá wa. Tí ẹ bá fi kílò 5 kúlíkúlí rọ́pò kílò 5 sóyà nínú 100 kílò, ẹ fi bíi 85 gíráàmù lysine sí i, ẹ sì fi threonine àti methionine díẹ̀ kún un, adìyẹ á dàgbà. Ohun tí mo máa bẹ̀ yín ni kí ẹ ṣọ́ èbu. Ẹ̀pà tó bu ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ adìyẹ ló ń bà jẹ́, kò sì sí lysine tó lè tún un ṣe. Ẹ fọ́ ọ wò, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàdo tí wọ́n kó sápò kó tó gbẹ. Ní Ìlọrin níbí ni olú ilé iṣẹ́ NSPRI wà, iṣẹ́ ìtọ́jú irè oko lẹ́yìn ìkórè ni iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá ń tọ́jú àgbàdo púpọ̀, kó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Sóyà náà ní tirẹ̀. Tí ẹ bá ń yan án fúnra yín, èyí tí kò jinná ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí purotéènì dà nínú ikùn, ẹ ó sì mọ̀ lẹ́nu pé ó ṣì tútù. Èyí tó jóná, tó ti di búráùn kíkún, lysine inú rẹ̀ ti bà jẹ́, bí láàbù tilẹ̀ sọ pé purotéènì rẹ̀ pé. Èyí tó ní àwọ̀ ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n yan díẹ̀ ni kí ẹ gbà.

Aládàpọ̀, Àjàṣẹ́-Ìpo
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀. Ilé ìlọ oúnjẹ adìyẹ ni mo ní, níbi tí gbogbo ìṣirò yìí ti ń bà jẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ wò ó, 50 gíráàmù methionine nínú 100 kílò, ìkúnwọ́ kan ni. Tí ẹ bá dà á sórí òkìtì àgbàdo kí wọ́n fi ṣọ́bìrì yí i lẹ́ẹ̀mẹta, apá kan àpò á ní ju bó ṣe yẹ lọ, apá kan ò ní ní in rárá. Agbo tí àwọn kan ga, tí àwọn kan kúrú tí Ìyá Ọ̀fà sọ yẹn, ó lè tibẹ̀ wá náà. Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ da lysine, methionine, threonine, premix (àpòpọ̀ fítámìnì àti míńírà), iyọ̀ àti sódà pọ̀ sínú báfù kan. Ẹ fi kílò kan àgbàdo lílọ̀ kúnná sí i, ẹ pò ó títí tí ẹ ò fi ní rí funfun lọ́tọ̀ mọ́. Ẹ fi kílò 4 kún un, ẹ tún pò ó. Ẹ fi 10 kún un. Ìgbà yẹn ni kó tó wọ inú míkísà tàbí orí òkìtì ńlá. Tó bá jẹ́ ṣọ́bìrì ni, ẹ gbé òkìtì náà láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, ẹ má kàn máa yí i lójú kan.

Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Ṣíbí kì í ṣe òṣùwọ̀n, torí ṣíbí lysine àti ṣíbí methionine kò wúwo bákan náà.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú: àpò tí wọ́n ti tú tí wọ́n ń wọ̀n ní kílò kílò lè jẹ́ ojúlówó, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bu ṣíbí kékeré kan lysine sínú ife omi, ẹ rò ó. Lysine máa ń yọ́ kíákíá, omi á mọ́. Tí nǹkan funfun bá sùn sísàlẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi lú u. Methionine kì í yọ́ kíá bíi rẹ̀, ẹ fún un láyè kí ẹ má fẹ̀sùn kan ẹni ẹlẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ní òórùn sulphur kan bí ẹyin tó ti pẹ́. Èyí tí kò bá ní òórùn kankan, èmi kì í gbà á. Kí omi mọ́ kò ní kó jẹ́ ojúlówó o, ẹ ra èyí tí wọ́n tú lójú yín.

Bàbá Ìbejì, Gánmọ
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Fíníṣà ni màá ti bẹ̀rẹ̀, kílò 5 náà ni màá yọ. Màá ya àgọ́ méjì sọ́tọ̀, ìkan á jẹ ti tẹ́lẹ̀, ìkan á jẹ tuntun, màá máa wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aládàpọ̀, mo fẹ́ gbé ẹrù wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí n mú dání?

Aládàpọ̀, Àjàṣẹ́-Ìpo
Ẹ mú àgbàdo tó ti gbẹ, tó ń ró gbàràgbàrà tí ẹ bá fọwọ́ gbọ̀n ọ́n. Ẹ mú sóyà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀ ká tó lọ̀ ọ́. Ẹ mú lysine, methionine àti threonine nínú ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ orúkọ sára ìkọ̀ọ̀kan, torí funfun jọ funfun. Tí ẹ bá ní kọ́ńsẹ́ntréètì, ẹ gbé àpò rẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé tí wọ́n rán mọ́ ọn, ẹ má gé e sọnù. Aago méje àárọ̀ ni kí ẹ dé, kí àwọn tó ń lọ àgbàdo ẹ̀kọ tó kún ibẹ̀.